Kí Ẹ Tó Bèèrè Láíbìrì Tó Yára Jù

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣe áàpù ní Ayọ̀bọ̀ níbí, láti Mẹ́gídá títí dé Bàrúwà, ìbéèrè kan ni ẹ máa ń gbé wá bá mi jù: "Bàbá, láíbìrì wo ló yára jù láti fi ṣí PDF lórí fóònù?" Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi tọ́ ọmọ, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti ṣèlérí fún oníbàárà pé iṣẹ́ á parí lọ́jọ́ Ẹtì kò ráyè ìtàn gígùn. Orúkọ kan ló fẹ́ gbọ́ kó máa lọ. Màá dárúkọ, mi ò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ò ní wúlò fún yín bí ẹ ò bá lè sọ irú fóònù tí ìwé náà máa ṣí lórí rẹ̀, irú ìwé tó jẹ́, àti ẹni tó máa sanwó láísẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fóònù. Ẹ dúró ní ìdíkọ̀ Ayọ̀bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wọ màrúwá lọ sí lẹ́sìnnì JAMB: Itel, Tecno, Infinix. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà. RAM inú èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í pọ̀. Fọ́tò àti fídíò WhatsApp ti gba àyè inú fóònù náà tán, bátìrì rẹ̀ ò sì kún nítorí iná ò dúró lóru. Fóònù yẹn ni ọmọ náà fi ń ka ìbéèrè àtijọ́. Irú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ Anchor University tó wà ládùúgbò wa níbí fi ń ka ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́, òun ni màmá fi ń ṣí ìwé orin ìjọ, òun náà ni bàbá onílé fi ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí akọ̀wé jù sórí WhatsApp. PDF ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin wá jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 16GB, ẹ ń dán áàpù wò lórí fóònù àfarawé tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà. Kò sí láíbìrì tí kò yára níbẹ̀.

Ní ọdún 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, ìjọba rẹ̀ gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dọ́wọ́ ọmọ, ọmọ ò ní láti ra dátà kó tó kàwé. Àwọn èèyàn jiyàn púpọ̀ lórí owó rẹ̀ àti ibi tó já sí, mi ò fẹ́ dá sí i. Ohun tó kàn wá ni pé ẹni tó ro iṣẹ́ náà mọ̀ pé ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ òǹkàwé kí nẹ́tíwọ̀kì tó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ̀ nígbà tí ẹ bá ní kí sáfà kan lókè òkun máa ya ojú ìwé, kó máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Dátà ò tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí dátà, ìwé àkáǹtì báńkì àti èsì àyẹ̀wò ọsibítù ni àwọn èèyàn máa gbé sínú áàpù yín. Láti ọdún 2023 ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti wà ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sí sáfà láìsí ìdí gidi, ẹjọ́ ló ń wá. Orí fóònù ni kí ẹ ti ya á.

Kí ló wá ń gba àkókò gan-an? John Warnock, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Adobe sílẹ̀, ló kọ èrò tó bí PDF sílẹ̀ ní ọdún 1991. Adobe gbé e jáde ní 1993. Ní 2008 ó di ìlànà àgbáyé, ISO 32000, ẹnikẹ́ni sì lè kọ kóòdù tó ń kà á láìtọrọ àyè lọ́wọ́ Adobe. Fáìlì PDF kì í ṣe fọ́tò ojú ìwé. Àṣẹ ló kún inú rẹ̀: mú lẹ́tà yìí nínú fọ́ńtì yìí, gbé e síbí, fa ìlà, kùn ún ní pupa, gbé fọ́tò sí igun ọ̀hún. Bí ìwọ̀n tí oníbàárà fún télọ̀ ló rí, aṣọ ò tíì sí, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá sì ṣí ojú ìwé náà ni télọ̀ máa rán an látìbẹ̀rẹ̀. Láíbìrì ni télọ̀ yẹn. Á tú ohun tí wọ́n fún pọ̀ sínú fáìlì, á wá fọ́ńtì, á tẹ̀lé àṣẹ níkọ̀ọ̀kan, á sì sọ gbogbo rẹ̀ di píksẹ́ẹ̀lì tí ojú fóònù lè gbé. Ojú ìwé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan kì í pẹ́. Èyí tó ní máàpù, tàbí pọ́stà ìsọjí tí òjìji àti àwọ̀ ń hàn gba inú ara wọn, lè lọ́ra lọ́wọ́ láíbìrì yòówù.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń kọsẹ̀. Ìwé A4 nínú PDF jẹ́ 595 ní ìbú, 842 ní gígùn, ní ìwọ̀n tí PDF ń lò, tí 72 rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan. Bí ẹ bá ní kí láíbìrì yà á ní 300 píksẹ́ẹ̀lì fún ínṣì kan, bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó di 2480 lọ́nà 3508. Báìtì mẹ́rin ni píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ti di nǹkan bíi 35MB nínú RAM. Mẹ́wàá rẹ̀ di 350MB, lórí fóònù tí WhatsApp àti Facebook ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ojú fóònù ọmọ náà bá jẹ́ 720 píksẹ́ẹ̀lì ní ìbú, tí ẹ sì ya ojú ìwé náà ní ìwọ̀n ojú fóònù yẹn, 720 lọ́nà 1019, kò ní tó 3MB. Láíbìrì kan náà, fóònù kan náà, ìyàtọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ẹni àkọ́kọ́ á ní láíbìrì náà ò dáa, ẹnì kejì á ní kò sí irú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan láti ọ̀nà Mẹ́gídá gbé áàpù ìwé orin rẹ̀ wá báyìí, ó ní láíbìrì òun ti sú òun, kí n bá òun wá òmíràn. Nígbà tí a ṣí kóòdù rẹ̀, ńṣe ló ń ya gbogbo ojú ìwé ní ìwọ̀n 300 kí oníbàárà tó fọwọ́ kan ìwé náà rárá. Mo ní kó máa ya èyí tó wà lójú, èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kó máa lo bitmap kan náà léraléra dípò kó máa dá tuntun, kó sì jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá fẹ ojú ìwé náà ni á tó tún apá tó ń hàn nìkan yà ní ìwọ̀n tó ga. Bí ìka bá ti sáré kọjá ojú ìwé kan, kó fagi lé yíyà rẹ̀. Láíbìrì tó sú u yẹn náà ló ṣì wà nínú áàpù rẹ̀.

Ẹ má sì ya ojú ìwé lórí thread tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn. Ojú fóònù púpọ̀ ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mílísẹ́kọ́ǹdù mẹ́rìndínlógún ló kù fún yín kí ojú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já gìdìgìdì. Bí áàpù bá sì kọ̀ tí kò dáhùn ìfọwọ́kàn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, Android á bi oníbàárà bóyá kí òun pa á. Ẹ mọ èyí tí wọ́n máa tẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dárúkọ.

Android fúnra rẹ̀ ní PdfRenderer, láti ìgbà Android 5.0 ní ọdún 2014. Kò fi ìwúwo kankan kún áàpù yín, ohun ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń fi dátà 100MB dáńlóòdù. PDFium ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan, kò sì fẹ́ kí thread méjì dì í mú pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, kò lè jẹ́ kí èèyàn da ọ̀rọ̀ kọ, kò sì lè ṣí fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ìwé àkáǹtì tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wa ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Android 15, tó jáde ní 2024, ló tún púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ṣe. Ẹ wò ó dáadáa bóyá Android 15 ló wà lórí fóònù ọmọ tó wọ màrúwá lẹ́ẹ̀kan. Fún ìwé tí a kàn fẹ́ kà, tí a ò fẹ́ wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, PdfRenderer tó, ẹ má wá ohun mìíràn lọ.

PDFium gan-an ni èmi ń dúró tì. Ọwọ́ Foxit ni kóòdù rẹ̀ ti wá, Google sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014. Òun ni Chrome fi ń ṣí PDF. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ rọrùn: ẹ lè fi í sínú áàpù tí ẹ ń tà, ẹ ò ní fi kóòdù yín han ẹnikẹ́ni, ẹ kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àkọlé ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ ọ́ wà níbẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń ṣí fáìlì aṣínà, ó ń ka fọ́ọ̀mù. C++ ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe òun gan-an ni ẹ máa ń fọwọ́ kàn, ìbòrí (wrapper) tí ẹlòmíràn fi bò ó ni. Àwọn tó ń lo Flutter máa ń gba ọ̀nà pdfrx, àwọn ti Kotlin àti React Native ní tiwọn. Ewu tó wà nínú PDFium, ara ìbòrí wọ̀nyí ló wà.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láíbìrì tó ti kú tí mo ti lò rí pọ̀ ju èyí tó wà láàyè lọ. Nígbà kan, AndroidPdfViewer ni gbogbo ọmọ tó ń ṣe áàpù ń gbà sílẹ̀, PDFium ló wà nínú rẹ̀, ó dùn ún lò. Ẹnìkan ló ń tọ́jú rẹ̀, orí JCenter, níbi tí wọ́n ń kó láíbìrì sí, ló sì wà. Ní ọdún 2021, JFrog tó ni JCenter kéde pé òun ń tì í, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbé ẹ̀dà tuntun síbẹ̀ mọ́. Ẹ tún wo ti Google Play: láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ló ti sọ pé áàpù tó bá ní kóòdù C tàbí C++ nínú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà 64-bit. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, áàpù tuntun tàbí àtúnṣe tó bá fojú sun Android 15 sókè gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó ń pín mẹ́mọ́rì ní 16KB, 16KB, dípò 4KB àtijọ́. Fáìlì .so tí wọ́n kọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ máa rò pé iṣẹ́ ti parí, Google Play á dá a padà. Nítorí náà, kí ẹ tó ka àbájáde eré ìje láàárín láíbìrì, ẹ lọ wo ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀dà tó kẹ́yìn jáde, àti iye èèyàn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

MuPDF náà wà. Artifex ló ni ín, C ni wọ́n fi kọ ọ́, ó fúyẹ́, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń mọ́ lójú. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ló yára jù lórí fáìlì tòun, ẹ má bá a jà, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni láísẹ́ǹsì. Ọ̀nà méjì ni: AGPL, èyí tó ní kí ẹ ṣí gbogbo kóòdù áàpù yín sílẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó, tàbí kí ẹ sanwó. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, torí ẹ ti sọ ọ́ lójú mi: "Bàbá, ta ló máa rí wa ní Ayọ̀bọ̀?" Hancom ti Kòríà Gúúsù kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré, wọ́n fi Ghostscript, tí í ṣe ti Artifex kan náà, sínú sọ́fítíwíà ìkọ̀wé wọn láìtẹ̀lé láísẹ́ǹsì. Artifex gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní California. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, adájọ́ kọ̀ láti da ẹjọ́ náà nù, ó sì gbà pé láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ lè dúró gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí ẹni tó lò ó ti fara mọ́. Wọ́n padà yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ti yín lè má dé California. Ọjọ́ tí olówó kan bá fẹ́ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yín ni lọ́yà rẹ̀ máa bèèrè gbogbo láíbìrì tó wà nínú áàpù, ọjọ́ yẹn sì ni owó náà máa fò lọ. Bí áàpù yín bá jẹ́ ti gbogbo ayé, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, MuPDF tọ́ sí yín. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sanwó tàbí ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn tó ń tà tún wà: Nutrient, tó ń jẹ́ PSPDFKit títí di 2024, Apryse, tó ń jẹ́ PDFTron títí di 2023, Foxit náà wà. Iṣẹ́ wọn dáa. Bí oníbàárà bá fẹ́ buwọ́ lùwé, kó kọ nǹkan sétí ìwé, kó kún fọ́ọ̀mù, wọ́n á dín oṣù púpọ̀ kù fún yín. Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó tọwọ́ bọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní bíi 460 náírà ní báńkì, rí i tó kọjá 1,400 kí oṣù kìíní ọdún 2024 tó parí. Náírà ni ọmọ ilé-ìwé ń san fún yín. OkadaBooks, áàpù ìwé tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, tí àìmọye òǹkọ̀wé wa ti tà lórí rẹ̀, kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023. Èrè orí ìwé kíkà nílẹ̀ yìí tín-ín-rín, ẹ má fi gbèsè dọ́là kún un bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́.

Fún iPhone, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: PDFKit ti wà nínú iOS láti iOS 11 ní ọdún 2017, ẹ lò ó. PDF.js ti Mozilla, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, dára fún wẹ́ẹ̀bù, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n JavaScript ni, inú WebView ló sì máa jókòó sí. Lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ máa rí ojú funfun kí ẹ tó rí ìwé.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù ni ti èdè wa. Òǹkọ̀wé àfiwéra láti Amẹ́ríkà tàbí Jámánì kì í dán Yorùbá wò, ẹ̀yin lẹ máa dán an wò. PDF ní fọ́ńtì mẹ́rìnlá kan tí gbogbo láíbìrì gbọ́dọ̀ mọ̀, Helvetica, Times, Courier àti ẹbí wọn. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ nínú wọn. Bí ẹni tó ṣe ìwé orin náà kò bá fi fọ́ńtì sínú fáìlì, láíbìrì á wá fọ́ńtì mìíràn fi dípò, ibẹ̀ ni àpótí òfìfo ti ń jáde níbi tó yẹ kí ọ wà, tàbí kí àmì ohùn ṣí kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ kó lọ jókòó lórí ti aládùúgbò. Ẹ ṣí fáìlì kan náà nínú láíbìrì méjì, ẹ máa rí i pé ìdáhùn wọn yàtọ̀. Yíyára tó bá kọ "Ọlọ́run" ní ìkọkúkọ, kí la fẹ́ fi ṣe?

Wíwá ọ̀rọ̀ tún le ju yíyà lọ. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ìwé kan lè kọ ọ́ báyìí, òmíràn lè kọ e, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì òkè. Ojú ò mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Màmá tó ń wá orin kò sì ní tẹ àmì kankan. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé àti ọ̀rọ̀ tí màmá tẹ̀ di ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n wéra, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tí kò ní àmì pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wíwá. Láíbìrì kankan ò ní bá yín ṣe èyí. Ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ láíbìrì ni pé kó fún yín ní ọ̀rọ̀ inú ìwé bó ṣe wà gan-an, àti ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà lójú ìwé. Àwọn ìwé kan ṣì wà tí wọ́n fi fọ́ńtì Yorùbá ayé àtijọ́ tẹ̀, tó jẹ́ pé àmì òyìnbó kan ni wọ́n sọ di ọ. Yíyà wọn á dáa, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fà jáde nínú wọn á sì dà bí èdè àwọn àǹjọ̀nú. Ẹ tún irú wọn tẹ̀.

Ti ìwé síkáànù ńkọ́? Ẹ lọ sórí Internet Archive, kí ẹ dáńlóòdù ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kí ẹ ṣí PDF rẹ̀ nínú áàpù yín. Ojú ìwé ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ PDF tó ti ibẹ̀ wá ló fi JPEG2000 àti JBIG2 fún àwòrán pọ̀, fífún pọ̀ tó dín fáìlì kù gan-an, tó sì ń ni ọpọlọ fóònù lára láti tú. Fáìlì kékeré, ojú ìwé tó ń falẹ̀: ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí ìwé inú áàpù bá jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín kó síbẹ̀, ẹ má dúró de láíbìrì. Ẹ tún fáìlì ṣe lórí láptọ́ọ̀pù kí ó tó dé fóònù: ẹ sọ àwòrán di JPEG lásán ní ìwọ̀n tí ojú lè kà, ẹ fi fọ́ńtì sínú rẹ̀, ẹ lo qpdf láti to ó kí ojú ìwé àkọ́kọ́ lè ṣí kí ìyókù tó dé. Yíyára tí ẹ máa rí níbẹ̀ sábà máa ń ju èyí tí pípààrọ̀ láíbìrì ń mú wá. Ìbéèrè àtijọ́ JAMB ńkọ́? Mi ò mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ PDF rárá. Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú database, ó tán.

JBIG2 tí mo dárúkọ yẹn ní ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Toronto rí fáìlì kan tó ń wọ inú iPhone láìjẹ́ pé onífóònù tẹ nǹkan kan. PDF ni, wọ́n fún un lórúkọ bíi ti àwòrán GIF, inú kóòdù tó ń tú JBIG2 ló sì gbà wọlé. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ NSO Group ti Ísírẹ́lì ni. Apple dí ihò náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ní 2024, wọ́n tún rí ihò nínú PDF.js tí fọ́ńtì burúkú lè gbà ṣiṣẹ́ JavaScript. Bí irú èyí bá lè bá Apple àti Mozilla, tí wọ́n ní ọmọ ogun, kí lẹ rò nípa ìbòrí tí ẹnìkan kọ lọ́dún 2018 tó sì ti bá tirẹ̀ lọ? WhatsApp ni fáìlì àwọn oníbàárà yín ti ń wá, wọn ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ẹ máa gbé ẹ̀dà tuntun sínú áàpù nígbà tó bá jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ dán wọn wò, ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ ra fóònù àlòkù tó rẹlẹ̀ jù nínú irú èyí tí oníbàárà yín ń lò. Ẹ má nu inú rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí WhatsApp máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn. Ẹ kọ́ áàpù ní release, torí ti debug máa ń purọ́. Ẹ mú fáìlì gidi: ìwé gígùn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, ìwé orin Yorùbá, síkáànù, ìwé báńkì aṣínà, ètò ìsìnkú tí fọ́tò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kí ẹ wá ka iye àkókò láti ìgbà tí ìka kan fáìlì títí di ìgbà tí ojú ìwé àkọ́kọ́ hàn, torí ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń dájọ́. Kò sí ẹni tó bìkítà nípa ojú ìwé 299. Ẹ fò lọ sí àárín ìwé lójijì. Ẹ wo RAM. Ẹ wo iye MB tí láíbìrì fi kún áàpù fún fóònù arm64, àti fún armeabi-v7a tí fóònù kékeré ṣì ń lò. Ẹ wá tún un ṣe nígbà tí fóònù ti gbóná, nítorí Ayọ̀bọ̀ la wà, oòrùn ń ràn, fóònù tó bá gbóná máa ń dín eré ara rẹ̀ kù.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹni tó kàn fẹ́ fi ìwé han èèyàn, kó lo PdfRenderer. Ẹni tó fẹ́ wíwá ọ̀rọ̀, àti fáìlì aṣínà, àti fóònù àtijọ́, kó lo PDFium nípasẹ̀ ìbòrí tí ẹnìkan ṣì ń tọ́jú. MuPDF fún ẹni tó ṣí kóòdù rẹ̀ tàbí tó sanwó. Àwọn ti dọ́là fún ẹni tí báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá gbé iṣẹ́ fún, kó sì kọ owó láísẹ́ǹsì náà sínú ìwé owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, ní dọ́là.

Mo wá ń bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá rí i pé PDFium tàbí ìbòrí rẹ̀ kọ ẹ́ tàbí ọ̀ lódì, ẹ má kàn pa á mọ́ra kí ẹ lọ wá láíbìrì mìíràn. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ fi fáìlì tó fà á kún un, kí ẹ sì sọ irú fóònù tó jẹ́. Àwọn tó ń kọ kóòdù yẹn ò gbọ́ Yorùbá, wọn ò sì ní mọ̀ pé ó bàjẹ́ bí ẹ̀yin ò bá sọ fún wọn.